Kí ẹ́ńjìnnì àtúntò tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi àmì táímìn hàn wá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba. Kò yẹ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún tò, kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láìjẹ́ pé wọ́n yẹ àmì táímìn rẹ̀ wò, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n sì kọ iye dígírì rẹ̀ sí ìwé fún ẹni tó ni ọkọ̀. "Mo ti fi etí gbọ́ ọ, ó ti wà dáadáa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, àmọ́ òun nìkan ò tó mọ́.

Mo kàwé òfin, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìjà ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí pé kí n wá bá onílọ́rì àti mẹkáníìkì parí aáwọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ. Onílọ́rì á ní òun ná owó gọbọi sórí ẹ́ńjìnnì, kò pé oṣù kan tí písítìn fi fọ́. Mẹkáníìkì á ní dírẹ́bà ló di ẹrù àpọ̀jù, tàbí pé epo ayédèrú ni wọ́n rà sí i. Bí mo bá wá béèrè pé, "Ibo lẹ ṣe táímìn ẹ́ńjìnnì náà sí lọ́jọ́ tí ẹ gbé e jáde?" gbogbo wọn á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Ẹ mú Bedford àtijọ́ tó ń lo bẹntiróòlù, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn bàbá wa kan pákó mọ́ lára, tí wọ́n sọ di bọ́lẹ̀kájà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló di agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sílíńdà mẹ́fà ló tò lẹ́sẹẹsẹ. Písítìn á gòkè, á fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, plọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, agbára iná náà á sì ti písítìn padà sísàlẹ̀. Títì yẹn ló ń gbé ọkọ̀ lọ.

Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀, ó ń gba àkókò, bó ti wù kó kéré tó. Nítorí náà, plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná kí písítìn tó dé òkè téńté, kí agbára iná lè bá a nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa padà bọ̀. Bí iná ṣe ṣáájú tó yìí ni wọ́n ń fi dígírì kà lórí yíyí kíráńkì. Bí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá wo bí dígírì kan ṣe kéré tó nínú ìyẹn. Etí lè gbọ́ àbájáde rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ò lè kà á.

Bí iná bá yá jù, á máa ti písítìn wálẹ̀ nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì á máa nọ́ọ̀kì, písítìn àti bíárìn á máa jìyà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ sì lè ta padà kó ṣẹ́ èèyàn lápá. Bí iná bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á rọ, á máa mu epo bí ẹni mu omi, sàlẹ́ńsà á gbóná janjan, òkè kékeré á sì di Òkè Ìdànrè lójú rẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, owó onílọ́rì ló ń jó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi tẹ àmì sára irin. Àkọ́kọ́ wà nínú. Gíà kíráńkì àti gíà kámṣáàfù ní àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ kọjú síra. Kíráńkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámṣáàfù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fi eyín gíà kan ṣoṣo ṣì í tò, fáàfù ò ní ṣí lásìkò, kò sì ní padé lásìkò. Èkejì wà níta: ìlà tàbí ojú kékeré kan lára púlì iwájú, tàbí lára flywheel nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, àti ìka irin tó ń tọ́ka sí i. Èyí ni wọ́n fi ń ṣètò distributor, ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wò ó, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Písítìn nọ́ńbà kìn-ín-ní máa ń dé òkè lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ rẹ̀ tó pé: ẹ̀ẹ̀kan láti fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan láti ti èéfín jáde. Nígbà méjèèjì, àmì ara púlì á bá ìka irin náà mu rẹ́gí. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà yìí, nọ́ńbà kìn-ín-ní àti nọ́ńbà kẹfà ló jọ ń gòkè. Bí ọmọṣẹ́ bá ti distributor bọlé nígbà tí nọ́ńbà kìn-ín-ní ń ti èéfín jáde, iná tó yẹ kó lọ sí nọ́ńbà kẹfà ló máa gbé fún nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ẹ́ńjìnnì á kọ̀ jálẹ̀, á máa yìnbọn láti ẹnu káburétọ̀. Àmì náà ò parọ́, àmọ́ ìdajì òótọ́ ló sọ.

Ìdajì yòókù ò le láti mọ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì nọ́ńbà kìn-ín-ní, ẹ fi ìka dí ihò rẹ̀, kí ẹnì kan rọra máa fọwọ́ yí kíráńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìka yín dànù, òkè tí ẹ ń wá ló ń bọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to wáyà plọ́ọ̀gì bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń pín iná. 1-5-3-6-2-4 ló wọ́pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tó tò báyìí.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá máa sọ. Wọ́n á ní, "Ọmọ yìí, ẹ́ńjìnnì yìí dàgbà jù ẹ́ lọ. Gíà ti jẹ, àmì ti pa rẹ́, epo òní sì kọ́ ni epo àná. Etí la fi ń ṣe é." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Kódà, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, irin méjì ni púlì iwájú, rọ́bà ló wà láàárín wọn. Bí rọ́bà yẹn bá gbó, irin ìta lè yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, àmì á wá máa tọ́ka sí ibi tí kì í ṣe òkè mọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba àmì gbọ́ láìbéèrè. Ní kóòtù, a kì í gba ẹlẹ́rìí gbọ́ torí pé ó búra nìkan, a máa ń da ìbéèrè bò ó. Àmì táímìn náà ní ìbéèrè tirẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní títú ló sì rọrùn jù láti bi í. Kí wọ́n tó gbé orí ẹ́ńjìnnì padà, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dábùú ẹnu sílíńdà nọ́ńbà kìn-ín-ní, kí wọ́n dè é dáadáa, kí irin kékeré kan yọ lábẹ́ rẹ̀ wọ inú sílíńdà, tí písítìn ò fi ní lè dé òkè tán. Kí wọ́n rọra fọwọ́ yí kíráńkì títí písítìn á fi kan irin náà, kí wọ́n fa ìlà sára púlì níwájú ìka tó ń tọ́ka. Kí wọ́n yí i sí apá kejì títí á tún fi kàn án, kí wọ́n fa ìlà kejì. Àárín gbùngbùn ìlà méjèèjì ni òkè téńté. Bí àmì ilé iṣẹ́ bá bọ́ síbẹ̀, ó yege. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, kí wọ́n fi àmì tuntun síbẹ̀.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, timing light ló kàn. Ara wáyà plọ́ọ̀gì nọ́ńbà kìn-ín-ní ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí plọ́ọ̀gì yẹn bá ti ń ṣáná, ni tọ́ọ̀ṣì náà ń ṣẹ́jú, àmì ara púlì tó ń yí á wá dà bíi pé ó dúró sójú kan. Kí wọ́n rọra yí distributor títí àmì á fi bọ́ sí iye dígírì tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ, kí wọ́n dè é pa. Ìgbà yẹn ni kí ọ̀gá wá fi etí gbọ́ ọ, kó di ẹrù sí i, kó wà á gun òkè, kó sì dín in kù díẹ̀ bó bá ń nọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ etí ṣe pàtàkì, àmọ́ ìparí ló yẹ ẹ́.

Kí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye dígírì, ẹni tó ṣe é. Òfin ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2011, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbà pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀, òun ló máa mú ẹ̀rí wá. Onílọ́rì tó ní wọ́n ba ẹ́ńjìnnì òun jẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn. Mẹkáníìkì tó ní dírẹ́bà ló fọwọ́ kan distributor náà gbọ́dọ̀ fi hàn. Ìwé pélébé kan àti ìlà ọ̀dà funfun lè gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ẹjọ́. Ẹ má rò pé ìfìyàjẹ mẹkáníìkì ni mo ń wá o. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni ìwé yẹn ń gbèjà jù.

Ohun tó ń kan mi lóminú jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́. Ọmọ kan á lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, á máa fọ irin, á máa gbé sípánà, á gba fírídọ̀ọ̀mù. Bó bá di ti táímìn, ọ̀gá á tẹ etí, á yí distributor, á ní, "Ó ti wọlé." Kí lọmọ náà kọ́? Ọ̀gá ò lè bọ́ etí rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá kú, ìmọ̀ yẹn bá a lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àmì tó hàn, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá ní etí, ọmọṣẹ́ ní fóònù. Kí ọmọ ya fọ́tò gíà, distributor àti ìtò wáyà kí wọ́n tó tú ohunkóhun, kó tún ya òmíràn tí wọ́n bá tò ó tán.

Ẹnì kan á ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì bíi Mercedes 911 ò ní plọ́ọ̀gì rárá. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ pọ́ǹpù tó ń fún epo sínú sílíńdà rẹ̀ náà ní táímìn tirẹ̀, ó sì ní àmì. Ọ̀nà tó gbà ṣáná ló yàtọ̀, ìjà tó ń bí kò yàtọ̀.

Àyẹ̀wò yìí ń gba àkókò, àkókò sì lówó. Oníbàárà tó bá ń pariwo pé "lónìí ni mo fẹ́ kó jáde," tó tún ń ṣọ́ owó iṣẹ́ jẹ, òun náà ló ń ti mẹkáníìkì sí ìkánjú. Ẹ san owó àyẹ̀wò náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì dúró títí tó fi máa parí. Kí ẹ tó ka owó tó kù sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tan timing light sí púlì níṣojú yín. Bí ẹ bá ti rí àmì, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ.