Kí Ẹnu Tó Pè É, Kí Òye Ti Mọ Oríkèé Rẹ̀

Alápatà tí iṣẹ́ dá lójú kì í fi ọ̀bẹ lu egungun. Oríkèé ni í fi ìka wá kí ó tó gé ẹran, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ ẹni tí ń ka èdè Dutch, èdè àwọn ará Nẹ́dálándì, Súrínámù àti apá àríwá Bẹ́ljíọ̀m, tí í so ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ tímọ́tímọ́ láìfi àlàfo sílẹ̀.

Ẹ wo "massagebed", lẹ́tà mẹ́wàá péré. Bí a bá là á sí massage-bed, bẹ́ẹ̀dì tí a ń sùn lé kí a fọwọ́ ra wá lára ni. Sílébù kejì ni ohùn ń tẹ̀ mọ́, lẹ́tà g a sì rọ̀ lẹ́nu bíi ti èdè Faransé tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá là á sí massa-gebed, ó di àdúrà ọ̀pọ̀ èrò: ohùn fò lọ sí sílébù kìn-ín-ní, g kan náà sì di èyí tí a ń ha jáde láti ọ̀nà ọ̀fun. Bákan náà, val-kuil ni ọ̀fìn tí ọdẹ gbẹ́ de ẹran. Ẹni tí ó pè é ní valk-uil ti so àṣá mọ́ òwìwí. Nínú "handarbeid", iṣẹ́ ọwọ́, d tí ó parí hand a máa dún bíi t; ẹni tí ó bá sì wọ́ ọ lọ bá fáwẹ̀lì iwájú, tí ó ń pe han-darbeid, ti mú ọmọ ọlọ́mọ wọ ilé àjèjì.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtumọ̀ ni kí òǹkàwé wò kí ó tó la ẹnu. Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òǹkàwé nìkan; òǹkọ̀wé náà ní ìpín tirẹ̀, nítorí àmì wà tí ó lè fi la oríkèé sílẹ̀. Àwa Yorùbá a máa pa ọ̀kan jẹ nígbà tí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé. Àwọn tí ń sọ Dutch kì í pa á, àmì ni wọ́n fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀; àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1995 ni ó sì sọ "zeeëend", pẹ́pẹ́yẹ òkun, di "zee-eend". Òfin wọn tún gba òǹkọ̀wé láyè láti fi háífìn sí ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè ya ọ̀nà méjì. Èmi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe ahun rẹ̀, nítorí ẹni tí ó so okùn ni ó mọ ibi tí kókó wà, òun ni ó sì yẹ kí ó fi han ẹni tí yóò tú u.