LẸ́TÀ TÓÓRÓ LÓRÍ BÉBÀ OWÓ: BÍ ONÍBÀÁRÀ Ò BÁ RÍ I KÀ ŃKỌ́?



Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ owó ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bébà pélébé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọjà ni, èyí tí ẹ ń kọ iye owó sí. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ló ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n sì fẹ́ràn lẹ́tà tóóró, èyí tó ga, tí ara rẹ̀ fún bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀já dì níkùn. Ṣé ó dáa kéèyàn lò ó, àbí kò dáa?

Èsì tèmi nìyí: ó dáa, bí ẹ bá mọ èyí tí ẹ máa mú. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n mú, owó yín ló máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó fà á. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Náírà 2 ni wọ́n fi gba pọ́n-ùn 1, kọ́bọ̀ sì ń ra nǹkan nígbà náà. Nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta ti tó kọ sára ọ̀pọ̀ ọjà. Lónìí ńkọ́? Ọjà ₦850 gba àmì 4. Ọjà ₦12,500 gba àmì 7, tí ẹ bá ka kọ́mà mọ́ ọn. Owó ti gùn, bébà ò gùn! Bébà tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ bí ìbọn láti fi lẹ owó mọ́ agolo, mìlímítà 21 ni ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ 12. Báwo ni gbogbo nọ́ńbà yẹn ṣe máa wọ̀ ọ́ tí kò ní í kéré bí ẹyin èèrà?

Ibẹ̀ ni lẹ́tà tóóró ti wúlò. Ẹ wo Arial tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Arial Narrow. Gíga wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ̀ ní 100, àbúrò fẹ̀ ní 82. Ibi tí nọ́ńbà 9 ti kún fún ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà 11 ti àbúrò á wọ̀ ọ́, kò sì ní í dín gíga kù. Èrè nìyẹn.

Àmọ́ àdánù rẹ̀ wà níbí. Wọ́n ní bójú bá farabalẹ̀, á rímú. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó pọn ọmọ, tó tún gbé agbọ̀n dání, kò ráyè farabalẹ̀. Bí lẹ́tà bá fún jù, inú nọ́ńbà á dí. Bí yíǹkì bá pọ̀, 3 á di 8. Bí yíǹkì bá ṣá, 8 á di 3. Ọjà yín jẹ́ ₦8,300, oníbàárà ka ₦3,300. Ó ti ka owó sílẹ̀, ẹ̀yin ń pariwo, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wò yín bí olè. Ta ló jẹ̀bi?

Ẹ má rò pé ẹjọ́ ẹnu lásán ni o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ sọ ọ́ ní abala 115 pé a ò gbọdọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye tí a kọ síta lọ. Bí iye méjì bá sì hàn lára ọjà kan náà, èyí tó kéré ló máa san. Ẹ lè ní 8 lẹ kọ. Ta ni yóò gbà yín gbọ́, bí gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ bá rí 3?

Ọgbọ́n tí ẹ máa dá nìyí.

Èkíní, ẹ má fa lẹ́tà gbígbòòrò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó lè di tóóró. Àwọn ìlà tó dúró á tín-ín-rín, àwọn tó dùbúlẹ̀ á sì nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ rán fún ẹni tó sanra, tí wọ́n wá fi pín-ìnnì dì mọ́ ẹni tó tín-ín-rín lára. Ẹ mú èyí tí wọ́n dìídì rán fún tín-ín-rín, bí Arial Narrow tàbí Roboto Condensed.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó tún dúdú kitikiti. Ẹ wo Impact, tí Geoffrey Lee yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965. Àkọlé ńlá àti ìpolówó ló yẹ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré sórí agolo, ihò inú 6, 8 àti 9 á dí pátápátá.

Ẹ̀kẹta, orúkọ ọjà ni kí ẹ fún pọ̀, ẹ jẹ́ kí iye owó jókòó dáadáa. Ẹni tó ń wo ọṣẹ ti mọ̀ pé ọṣẹ ni, iye rẹ̀ ló ń wá. Ẹ má sì yọ kọ́mà torí àyè.

Ẹ̀kẹrin, kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ní àmì ₦, tàbí ẹ, ọ, ṣ tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà míì, àpótí òfìfo ló máa jáde. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ igba.

Ẹ̀karùn-ún, bí owó bá yí, ẹ lẹ tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ìdánwò rẹ̀ ò le. Ẹ tẹ ₦36,895, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ. Ẹ pe ìyá àgbà kan tí kò wo awò, kó dúró síbi tí oníbàárà ń dúró sí, kó kà á nírọ̀lẹ́ tí iná ò tàn dáadáa. Bó bá kà á geere, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá ń fún ojú pọ̀, ẹ wá èyí tó fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tó ń ta ìrẹsì àti gàárì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má ní kò kàn yín. Ẹ máa ń fi máká kọ owó sórí páálí. Ẹ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 gàgàrà, nígbà tó bá máa fi kan etí páálí, òdo tó gbẹ̀yìn á ti fún mọ́ra bí èrò inú mólúè. Ẹ ka iye àmì yín kí ẹ tó fi máká kàn án.

Ẹ̀yin atẹ̀wé wa ní Ṣómólú àti níbi gbogbo, ẹ má kàn wo iye bébà tó máa jáde nínú ojú ìwé kan. Ìyá tó gbé iṣẹ́ wá ò mọ orúkọ lẹ́tà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ oríṣi méjì fún un, kó fojú ara rẹ̀ yàn.

Ìpolówó ọjà làgúnmu òwò. Bébà owó yẹn ń bá yín polówó nígbà tí ẹnu yín bá dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kó máa kólòlò.

Ẹ kọ̀wé sí mi o. Ẹ fi ẹyọ kan nínú bébà owó yín há inú lẹ́tà náà, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!