ÒJÌJI ARA ẸNI KÌ Í BÁ NI GÉ ÀLÙBỌ́SÀ

Ọ̀rọ̀ iná ilé ìdáná ló kàn lọ́sẹ̀ yìí.

Ta ni kò mọ̀ pé ìgbà tí ọlọ́jà bá ti ọjà dé ló tó ń dáná? Ilẹ̀ á ti ṣú. Gúlóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn láàárín àjà. Bí ìyá bá kọjú sí tábìlì tó fẹ́ gé ẹran, ẹ̀yìn rẹ̀ ni iná wà, òjìji rẹ̀ á wá bo ọ̀bẹ àti ọwọ́. Bí a ṣe ń gé ìka nìyẹn, tí a sì ń se òkúta mọ́ ẹ̀wà. Ẹlòmíràn á ní kí á ra gúlóòbù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó á lọ, òjìji kò ní kúrò!

Ẹ gbé iná wá síwájú yín ni. Bí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pẹpẹ pákó bá wà lára ògiri lókè tábìlì, abẹ́ rẹ̀ ni kí iná wà, létí iwájú. Kí káfíńtà kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, kó má baà máa tàn sí yín lójú.

Iná LED tó gùn bíi bẹ́líìtì ló dára jù síbẹ̀. Mítà kan èyí tí kò lágbára púpọ̀ ń jẹ nǹkan bíi watt 5, gúlóòbù àtijọ́ ń jẹ 60. Èyí tó jẹ́ volt 12 lè bá bátìrì sólà ṣiṣẹ́, bó bá gba inú kọ́ńtírólà kọjá. Ẹ̀yin ará Òkè-Òyì kúkú mọ ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀nà Jẹ́bà lẹ wà, Jẹ́bà tí wọ́n ti ń fi omi Ọya ṣe iná láti àwọn ọdún 1980, síbẹ̀ àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA a máa mú un lọ lójú yín.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ mú tòmátò kan dání. Kí wọ́n tan iná náà sí i. Bí pupa rẹ̀ bá ṣì, ẹ má rà á.

Ẹ fi ọṣẹ fọ epo kúrò lára pákó, kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ iná mọ́ ọn. Ojú àmì tó wà lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti gé e. Ẹ ṣírò watt rẹ̀ pọ̀, kí àdápútọ̀ tí ẹ máa rà fi ìdá kan nínú márùn-ún jù ú lọ. Ẹ má gbé e sókè sítóòfù, ẹ má sì jẹ́ kí omi ta sí i. Oníná tó mọ iṣẹ́ ni kó so ó, kó sì kọ́kọ́ pa iná láti ìdí mítà. Wáyà ìhòòhò tí wọ́n fi lẹ́lọ́ọ̀nù wé ti jó ilé àti ọjà rí.

Ẹni tí kò lówó wáyà ńkọ́? Kó fi ìṣó kọ́ àtùpà alábátìrì sára ògiri, síwájú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta ìka lọ́jà o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.