Ọwọ́ Ọmọdé Nínú Èlùbọ́

Bí ènìyàn bá yà sí agbo ilé kan ní Ìgànná nígbà tí àwọn ìyá ń fi asẹ́ jọ èlùbọ́, kò ní ṣàì rí ọmọ ọdún méjì kan níbẹ̀ tí ó ti fi èlùbọ́ kun ojú bí ẹni lo àtíkè. Àwọn kan yóò ní kí a gbé e kúrò. Èmi kò bá wọn pé e. Ẹnu ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà wà. Èlùbọ́ kúnná lọ́wọ́ rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn ń họ ọ́ lára. Ahá dán, ó sì fúyẹ́. Ọlọ tutù, kò sì ṣe é gbé. Bí ìyá bá ti ń pe orúkọ wọn sí i létí, ọ̀rọ̀ àti ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ jọ ń wọlé ni. Ike aláràbarà tí à ń rà lọ́jà kò lè ṣe èyí, nítorí bákan náà ni gbogbo wọn rí lọ́wọ́.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 pàápàá sọ pé eré ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní èdè abínibí wọn. Síbẹ̀, orí àga ni ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ń há wọn mọ́, tí wọn ń ké A, B, C.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ìyá kò ṣe é fojú di, ṣá o. Hóró ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà lè há ọmọ lọ́fun, ó sì lè wọ̀ ọ́ nímú. Inú kèrègbè tí a dí lẹ́nu pinpin ni kí hóró wà, kí ọmọ máa mì í. Kí omi má ju ìsàlẹ̀ igbá lọ, kí àgbà má sì kúrò níbẹ̀. Èyí tí ó bá dà nù nínú èlùbọ́, adìẹ yóò ṣà á.