Ọsàn gíréèpù àti oògùn òyìnbó: Ta ló yẹ kó kìlọ̀ fún aláìsàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí láàrin ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo oògùn òyìnbó lójoojúmọ́ àti èso tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn lóore. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà yóò gbé oògùn rẹ̀ mì láàárọ̀, yóò fún omi ọsàn gíréèpù sínú ife, yóò sì mu ún tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Lójú tirẹ̀, oore méjì ló pàdé yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá pàdé ọsàn yìí nínú ìfun, wọn yóò di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró kan ṣoṣo ni aláìsàn náà lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ rárá. Ìlú London tó wà ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni àṣírí náà ti tú, ọdún 1989 sì ni ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ọ̀mọ̀wé David Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí ohun tí ọtí ń ṣe sí felodipine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí àwọn tó ń kópa má baà mọ ìgbà tí ọtí wà nínú ife wọn, omi gíréèpù ni wọ́n fi bo ìtọ́wò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn náà wò, oògùn ibẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1991, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ọkùnrin mẹ́fà ló kópa nínú rẹ̀, felodipine tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n fi omi gíréèpù lò ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n fi omi lásán lò. Omi ọsàn mímu tí wọ́n fi dán an wò kò fa irú rẹ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń jókòó sẹ́nu bodè ìlú, yóò sì gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹrù kọjá. Irú oníbodè bẹ́ẹ̀ wà nínú ìfun ènìyàn, CYP3A4 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí oògùn bá ti ń kọjá, yóò gba tirẹ̀ níbẹ̀, yóò bà á jẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ṣe oògùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ro ti oníbodè mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ní kí aláìsàn máa lò. Àwọn èròjà kan tó ń jẹ́ furanocoumarin, tó wà nínú gíréèpù, ló ń pa oníbodè yìí. Nígbà tí kò bá sí oníbodè mọ́, gbogbo ẹrù ni yóò rọ́ wọ ìlú.

Ìdí nìyí tí kò fi tó kí aláìsàn lo oògùn láàárọ̀ kó wá mu gíréèpù lálẹ́. Oníbodè tó kú kò ní í jí, ara ni yóò ṣe òmíràn, ìyẹn sì lè gbà ju wákàtí 24 lọ.

Nínú àpilẹ̀kọ kan tí Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2013, wọ́n ní oògùn tí gíréèpù lè bá jà ti lé ní 85, àti pé 43 nínú wọn lè fa ewu ńlá. Lára wọn ni simvastatin, tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè ba iṣan jẹ́, kó sì ti ibẹ̀ kó bá kíndìnrín. Bẹ́ẹ̀ náà ni amiodarone tó wà fún ọkàn, àti tacrolimus tí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò. Kódà, ìwé ìlò artemether-lumefantrine, oògùn ibà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, kìlọ̀ pé kí aláìsàn ṣọ́ra fún gíréèpù. Ọsàn jàgànyìn àti ọsàn wẹ́wẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń fún sínú àgbo, ní irú èròjà kan náà nínú.

Àwọn oògùn mìíràn wà tí omi èso ń dín agbára wọn kù. Fexofenadine, tí wọ́n ń lò fún kátá àti ara yíyún, nílò alábàárù tí yóò gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Omi gíréèpù, ti ọsàn mímu àti ti ápù máa ń dí àwọn alábàárù náà lọ́wọ́, oògùn kò sì ní í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ní ti lisinopril, kò bá oníbodè pàdé, gíréèpù kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí èròjà pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú ara, èròjà yìí ló sì kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi àgbọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò le, tó ń lo oògùn yìí, tó sì ń jẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí ní àjẹjù, ń fi ọkàn rẹ̀ sínú ewu.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ta ló yẹ kó sọ èyí fún aláìsàn? Ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn ti kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ rí páálí náà rí. Owó oògùn ti wọ́n, nítorí náà hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ń rà, ẹni tó ń tajà yóò fi sáàsì gé e lára káàdì, yóò sì dì í sínú ọ̀rá. Ìkìlọ̀ kò bá a lọ. Àwọn òbí mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi oògùn ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́hùn-ún, dókítà tàbí apòògùn yóò bá ẹni tó ń gba oògùn sọ̀rọ̀. Inú àpótí ẹrù ni oògùn náà ń gbà wọ Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ẹnu apòògùn kì í sì í bá a wọ inú àpótí.

Kò sí ẹni tó ní kí aláìsàn sá fún èso, nítorí oúnjẹ tó dára ni. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tìtorí ọsàn pa oògùn tì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí aláìsàn kó gbogbo ohun tó ń lò, títí kan àgbo àti èso, sọ fún dókítà tàbí apòògùn, kó sì bèèrè bóyá wọ́n lè jọ rìn. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn náà máa sọ ọ́ lédè Yorùbá, kí àwọn aláṣẹ sì wá ọ̀nà tí ìkìlọ̀ yóò fi máa bá hóró oògùn kan ṣoṣo dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tó mọ̀ nípa ewu yìí ti pọ̀ tó láti sọ ọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ú mu.