Ẹ́ńjìnnì Tòkúnbọ̀ Kò Jẹ̀bi Èéfín

Camry ọdún 2007 tí àwọn awakọ̀ sọ ní "Muscle" kì í fara pamọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bó bá ti kọjá Ìbàfò tó dorí kọ Mowé, èéfín aláwọ̀ búlúù ni yóò máa sìn ín lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE inú rẹ̀ ló ń mu ọ́ìlì: àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn máa ń dí, ọ́ìlì á sì máa bá epo jóná. Bó bá ti sú ọlọ́kọ̀, mẹkáníìkì á ní kó lọ gbé tòkúnbọ̀ wá láti Ládípọ̀, ní Múṣin.

Àwọn kan ní kí ìjọba fòfin de irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nítorí èéfín. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí gbogbo ẹrù rẹ̀ bá a dé sàn ju èyí tó ti gbó sínú ọkọ̀ lọ. Àìpé ẹrù ni wàhálà.

Ẹrù wo? Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu, waya rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, àti katalísì tó ju gbogbo wọn lọ. Agolo irin tí èéfín ń gbà kọjá kó tó dé sàlẹ́ńsà ni katalísì. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, platinum, palladium àti rhodium ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Bó bá gbóná, á sọ kábọ́ọ̀nù mọnọ́síìdì tó ń pa èèyàn di kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì, á sì jó èyí tó ṣẹ́ kù nínú epo. Àwọn mẹ́tálì olówó iyebíye yẹn ló sọ ọ́ di ọjà. Àwọn tó ń rà á ń kiri ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọlọ́kọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tí wọ́n bá a tú tirẹ̀ tà. Bí iná "check engine" bá wá tàn, réwáyà á yọ gílóòbù rẹ̀. Ó parí! Àìsàn ò lọ, wọ́n kàn ní kí aláìsàn má ké mọ́ ni.

Nígbà mìíràn, òkè òkun ni wọ́n ti tú u. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ àyẹ̀wò ìrìnnà ìjọba Netherlands jábọ̀ pé ọ̀pọ̀ àlòkù ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá sí Áfíríkà ni kò ní ìwé àyẹ̀wò tó ṣì bófin mu, àti pé wọ́n ti yọ katalísì lára àwọn kan.

Ní California, wọn ò fòfin de pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí wọ́n ní ni pé ẹ́ńjìnnì náà kò gbọdọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ lọ, gbogbo ohun tó ń fọ èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wọlé, rẹfirí ìjọba á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nàìjíríà náà lófin: ìlànà NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ ti wà láti ọdún 2011, àwọn mínísítà ECOWAS sì fẹnu kò lọ́dún 2020 lórí ìwọ̀n èéfín Euro 4 fún ọkọ̀ tó bá ń wọlé. Èyí tó kù ni ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà kò jìnnà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lọ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀. Kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn má fọwọ́ sí ìwé náà láìrí katalísì àti láì ki ẹ̀rọ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà láti wọn èéfín.

Kí ọlọ́kọ̀ Ìfọ̀ tó ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Èkó lójoojúmọ́ má sì dúró de VIO. Kó má fi 2AZ-FE ọdún 2007 rọ́pò òmíràn, àìsàn kan náà ló ń gbé bọ̀. Toyota ti tún písítìn náà ṣe fún èyí tó jáde lẹ́yìn. Kó gba brain box àti waya mọ́ ọn. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà fún bí ogún ìṣẹ́jú: katalísì tó tutù kì í ṣiṣẹ́.