Pàṣán Tí Wọ́n Fi Na Ouagadougou

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ojú òótọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, nígbà tí Frank Onyeka gbá góòlù kẹrin sáwọ̀n àwọn ará Benin ní ìlú Uyo, ńṣe ni ìdùnnú ṣubú layọ̀ fún wa. Victor Osimhen ti gbá mẹ́ta wọlé ṣáájú, àfikún àsìkò ni rẹfirí sì ń kà lọ́wọ́ nígbà tí ti Onyeka dé. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni góòlù yẹn, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹran kún ọbẹ̀ tó ti dùn tẹ́lẹ̀. Àṣé góòlù yẹn gan-an ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, sóde.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni wọ́n pín ilẹ̀ Áfíríkà sí nínú ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé ọdún 2026. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ń lọ tààrà. Àwọn mẹ́rin tó bá dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì ni yóò tún bá ara wọn fà á. Burkina Faso ṣe ipò kejì sí Íjíbítì. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n borí nínú mẹ́fà, wọ́n ta ọ̀mì nínú mẹ́ta, ẹyọ kan péré ni wọ́n pàdánù. Máàkì 21 ni wọ́n kó jọ. Àwa náà ṣe ipò kejì sí South Africa. A borí nínú mẹ́rin, a ta ọ̀mì nínú márùn-ún, a pàdánù ẹyọ kan. Máàkì tiwa jẹ́ 17. Nínú 21 àti 17, èwo ló pọ̀ jù? Ọmọ kékeré tó ń bá ìyá rẹ̀ ka owó nídìí àtẹ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n òfin ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni Eritrea ti yọwọ́ nínú ìdíje náà, tó fi jẹ́ pé orílẹ̀-èdè márùn-ún ló kù nínú ìsọ̀rí tirẹ̀ nígbà tí mẹ́fà-mẹ́fà wà nínú àwọn tó kù. Kí òṣùwọ̀n lè dọ́gba, wọ́n ní kí wọ́n yọ máàkì àti góòlù tí àwọn tó ṣe ipò kejì rí lọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí wọn dànù. Djibouti ló gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí Burkina Faso. Wọ́n ti nà wọ́n ní 4-1, wọ́n tún nà wọ́n ní 6-0. Máàkì mẹ́fà bá ti òfin lọ, góòlù mẹ́wàá bá a lọ. Zimbabwe ló gbẹ̀yìn níbi tiwa. 1-1 la bá wọn gbá lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí náà máàkì méjì péré ni wọ́n rí yọ lára wa. Bí 21 ṣe di 15 nìyẹn, tí 17 náà sì di 15. Nígbà tí wọ́n wá ka iye góòlù tí kálukú fi lékè, tiwa jẹ́ méje, tiwọn jẹ́ mẹ́fà. Góòlù kan ṣoṣo!

Ẹ tún un rò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, tó na ẹni tó yẹ kó nà, òun ni òfin gba èrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè na ẹni tó kéré jù láwùjọ, òun ni òfin dá sí. Ọ̀mì méjèèjì tí a ta pẹ̀lú Zimbabwe, èyí tí a tìtorí rẹ̀ bú àwọn ọmọ wa bí ẹni láyin, ló wá di igi tí a dì mú lójú omi. N kò sọ pé àwọn tó ṣe òfin náà ní Burkina Faso lọ́kàn. Ọ̀ràn Eritrea gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín máàkì kálukú sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá, ṣé òṣùwọ̀n kò ní dọ́gba? Burkina Faso ìbá ní máàkì méjì lé díẹ̀ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiwa kò ní tó méjì. Kò sẹ́ni tí wọn ì bá fi ohun tó fi òógùn ojú rẹ̀ wá dù.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "Olóòtú, ṣé Ouagadougou ni wọ́n ti bí ọ ni? Òfin gbè wá, kí ló wá kàn ọ́?" Èsì mi kò gùn. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nínú ọ̀rọ̀ Ouagadougou yìí sì rèé, àwa gan-an ni ìyálé tí wọ́n kọ́kọ́ nà.

Ṣé ẹ rántí ọdún 1998? Burkina Faso ló gba àlejò ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà. Ní pápá ìṣeré tí wọ́n fi ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, sọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí Thomas Sankara gbàjọba lọ́dún 1983, ni Íjíbítì ti na South Africa ní 2-0 lọ́jọ́ 28, oṣù Kejì, tí wọ́n sì gbé ife lọ. Níbo ni Nàìjíríà wà? Àwa tí a gba ife náà lọ́dún 1994, tí a gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996, ẹsẹ̀ wa kò tẹ Ouagadougou rárá. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha ló fa ẹgbẹ́ wa yọ nínú ìdíje ọdún 1996 ní South Africa, nígbà tí Nelson Mandela ń bínú sí i nítorí Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ tí wọ́n so kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ CAF bá fi òfin dè wá, wọn kò jẹ́ ká kópa lọ́dún 1998. Ẹni tó fa ẹgbẹ́ yọ kì í gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti àwa tí a ń wò ó la fara gbá a. Lọ́jọ́ yẹn a pariwo pé òfin kò dára. Ṣé ó wá di dáradára nítorí pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló bà?

Ìyà tí ará Ouagadougou jẹ sì ju ti máàkì lọ. Lọ́dún 2021, CAF ní pápá ìṣeré wọn kan náà kò kún ojú òṣùwọ̀n mọ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gba àlejò níbòmíràn. Ìlú Marrakech ní Mòrókò ni wọ́n ti "gbàlejò" Algeria ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá wá di ẹni tó ń jókòó ti tẹlifíṣàn láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n pè ní tilé rẹ̀. Nínú ìdíje yẹn náà, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, síbẹ̀ wọ́n já, nítorí pé ẹnì kan péré ló ń tẹ̀ síwájú nínú ìsọ̀rí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ẹgbẹ́ wọn tó padà wá bá Íjíbítì gbá a ní Ouagadougou. Kò ju nǹkan bí oṣù kan àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí òfin tún fi yọ wọ́n.

Àwa náà kò ṣàìmọ ìyà tẹlifíṣàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, MultiChoice kéde pé òun kò ní lè fi í hàn. New World TV, iléeṣẹ́ kan láti Tógò, ló ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n padà yanjú rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sanwó díkódà ti fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbé ọkàn sókè. Ọmọ tiwa ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwa la sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sílẹ̀ adúláwọ̀. Ní Amẹ́ríkà, eré ìje ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní NASCAR. Lọ́dún 2014, àwọn aláṣẹ rẹ̀ ṣòfin pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sáré, awakọ̀ mẹ́rin péré ni yóò kù, ẹni tó bá sì ṣáájú nínú àwọn mẹ́rin yìí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ni yóò gba adé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Denny Hamlin ló ń ṣáájú nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí. Táyà ọkọ̀ ẹlòmíràn bẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wọn rọra, wọ́n tún eré bẹ̀rẹ̀, ni Kyle Larson bá gba ibẹ̀ gbé adé lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ti pín eré náà káàkiri iléeṣẹ́ bíi Fox, NBC, TNT àti Amazon, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó tán yóò máa sanwó kiri. Àwọn olólùfẹ́ eré náà ti ń ráhùn sí òfin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, àwọn aláṣẹ pa á tì. Ìráhùn tí kò dákẹ́ a máa so èso.

Ṣùgbọ́n kí ìráhùn tiwa tó lè nílárí, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ mọ́. Nígbà tí South Africa lo agbábọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó gbá, tí FIFA gba máàkì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, àwa la pàtẹ́wọ́ jù. Nígbà tí Kóńgò fi pẹnáríti lé wa dànù ní Rabat lọ́jọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wa fi kọ̀wé sí FIFA lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Kóńgò kan. Bí òfin bá gbè wá, òfin dára. Bí kò bá gbè wá, a ní kí wọ́n tún ìwé ṣí. Àgbà kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ká béèrè kò pọ̀. Ká ka òfin sí gbogbo wa létí kí wọ́n tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Kí máàkì tí èèyàn fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà di tirẹ̀. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè bá ń gbá wà lórí tẹlifíṣàn tí mẹ̀kúnnù lè wò láìsan kọ́bọ̀. Ká sì béèrè rẹ̀ nísinsìnyí, lórúkọ Burkina Faso, kó tó di pé a ń béèrè rẹ̀ lórúkọ ara wa.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní Ouagadougou, ẹ bá wa kí àwọn aládùúgbò yín. Ẹ sọ fún wọn pé a jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n gbà lẹ́nu wọn, kò sì yó wa.